Dúrọ́ọ̀mù Mẹ́fà àti Fẹ́rì Ìkẹyìn

"Keskil, má tíì wọ fẹ́rì yẹn o! Mo bẹ̀ ọ́, jáde kúrò lórí ìlà ọkọ̀ yẹn!"

Gbogbo gáréèjì ló gbọ́ igbe tí Tuyaara ké sínú fóònù. Bàbá Uybaan, ọ̀gá àwọn mẹkáníìkì, yọ orí jáde lábẹ́ áńbúláǹsì tó ń tún ṣe.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Bàbá. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe."

Bó ṣe jẹ́ nìyí. Odò Lena ti ń dì. Yìnyín ti ń léfòó lórí omi, fẹ́rì ọjọ́ yẹn ló sì gbẹ̀yìn. Tó bá ti lọ, ọkọ̀ ẹrù kankan ò ní kọjá sí Yakutsk mọ́ títí odò á fi dì gbagidi tí mọ́tò á lè gùn ún, ìyẹn sì di ìparí oṣù Kejìlá. Keskil, awakọ̀ áńbúláǹsì, wà ní òdìkejì odò pẹ̀lú dúrọ́ọ̀mù ọ́ìlì mẹ́fà. Ọ́ìlì yẹn ni gbogbo áńbúláǹsì ilé ìwòsàn máa lò títí òtútù á fi lọ. Tuyaara ló yàn án.

Ìjà ló sì fi yàn án o! Ọgbọ̀n ọdún ni Bàbá Uybaan ti ń yan ọ́ìlì fún gáréèjì yẹn: á fi ìka kàn án, á gbóòórùn ẹ̀, ó parí. Àmọ́ lọ́dún tó kọjá, ọ́ìlì tí imú Bàbá yàn dì mọ́ Keskil lọ́wọ́ lábúlé kan. Ọjọ́ méjì gbáko lòun àti aláboyún kan fi ń retí ọkọ̀ mìíràn. Orí ló yọ wọ́n. Látìgbà yẹn ni Tuyaara, tó ń ra nǹkan fún gáréèjì, ti fárí gá pé pépà tí ilé iṣẹ́ kọ ìwọ̀n ọ́ìlì sí làwọn á máa kà.

Torí ohun tí wọ́n kọ sára dúrọ́ọ̀mù ò tó. "Àtọwọ́dá pátápátá" ni gbogbo wọn ń kọ. Àwọn kan fi gáàsì ṣe ìyá ọ́ìlì tiwọn, ìyẹn ògidì epo tí wọ́n ń po nǹkan yòókù mọ́, wọ́n tò ó pọ̀ díẹ̀díẹ̀, kò ní ìda kankan nínú. Àwọn kan sì wa epo nínú ilẹ̀, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n tún un fọ̀, wọ́n wá pe ìyẹn náà ní àtọwọ́dá. Kò burú o. Àmọ́ tí òtútù bá ti kọjá ogójì sísàlẹ̀ òdo, ìwọ̀nba ìda tó ṣẹ́kù nínú ẹ̀ á jí, ọ́ìlì á dì bí ọ̀rá ẹran ẹṣin nínú àwo. Ilé iṣẹ́ wo ló fẹ́ sọ èwo ni tiẹ̀ fún ẹ? Ìwọ lo máa wá a jáde nínú nọ́mbà.

Láàárọ̀ yẹn, Keskil ya fọ́tò pépà ara dúrọ́ọ̀mù, ó fi ránṣẹ́ pé ẹrù ti pé. Tuyaara kàn fẹ́ fi í wé èyí tó lẹ̀ mọ́ ògiri ni. Nọ́mbà wọn ò bára mu. Ó jókòó. Ó tiẹ̀ rò ó pé ta ló máa mọ̀? Tọ́kọ̀ bá kọ̀ lóṣù Kìíní, wọ́n á ní òtútù ló pọ̀ jù. Ló bá rántí aláboyún ọjọ́sí, ló bá gbé fóònù.

"Ẹ wò ó, Bàbá. Orúkọ kan náà, dúrọ́ọ̀mù pupa kan náà. Ti ara ògiri yìí ń ṣàn títí dé mẹ́tàdínlọ́gọ́ta sísàlẹ̀ òdo. Tuntun yìí? Méjìlélógójì. Tí wọ́n bá gbé ti tẹ́lẹ̀ kaná, mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ló ń gbẹ. Tuntun, mẹ́tàlá."

"Wọ́n ti yí i padà."

"Wọ́n ti yí ìyá ọ́ìlì padà. Ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ wà nísàlẹ̀ níbí, kékeré bí ẹsẹ̀ èèrà. Pépà ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni mo lẹ̀ mọ́ ògiri!"

Bàbá Uybaan bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ tó sọ pé imú mi ti darúgbó! Ojú tìẹ ńkọ́, ọmọge?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bú mi lọ́la. Wákàtí méjì ló kù kí fẹ́rì gbéra."

"Kí la wá fẹ́ gbé?"

"Ti dúrọ́ọ̀mù aláwọ̀ eérú. Méjìdínlọ́gọ́ta ni tiẹ̀."

"Èyí tó ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ yẹn?" Bàbá nu ọwọ́, ojú ẹ̀ wá le. "Gbọ́ mi o. Mo mọ àwọn tó ń da nǹkan sí ọ́ìlì kí nọ́mbà yẹn lè wálẹ̀. Báwo lo ṣe mọ̀ pé wọn ò dà á?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Inú Tuyaara tiẹ̀ dùn sí i.

"Ẹ̀tàn yẹn lè ti nọ́mbà òtútù wálẹ̀, àmọ́ kò lè ní kí ọ́ìlì má gbẹ lórí iná. Mẹ́sàn-án péré ni teérú ń gbẹ. Ẹlẹ́rìí kẹta wà nínú pépà ààbò, èyí tó ń sọ ohun tí wọ́n fi ṣe ọ́ìlì: dandan ni kí wọ́n kọ nọ́mbà kẹ́míkà síbẹ̀. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 68037, a jẹ́ pé gáàsì ni wọ́n fi ṣe é. Tó bá jẹ́ 64742, epo fífọ̀ ni."

"Pépà ìgbà wo?"

Tuyaara ò jiyàn. Ó tún gbé fóònù. "Keskil, lọ síbi dúrọ́ọ̀mù eérú. Ya pépà méjèèjì tó wà lára ẹ̀, títí kan ìsàlẹ̀ pátápátá."

Kò pẹ́ tí fọ́tò dé. 68037. Oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn gan-an ni wọ́n kọ ọ́.

"Ó kù kan," ni Keskil wí. "Markel ọlọ́jà lóun ò gbọjà padà. Ó ní ṣé òun lẹ fẹ́ fi ṣeré ni."

Bàbá gba fóònù. "Gbé e fún un. Markel! Ṣé ìyá ẹ ṣì wà lábúlé? Ó dáa. Tí àyà bá ń dùn wọ́n lóṣù Kìíní, ọkọ̀ wa náà lo máa pè, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Markel yí ohùn padà. "Teérú mélòó?"

"Mẹ́fà." Bàbá dá fóònù padà, ó wo Tuyaara. "O mọ òfin wa."

"Mo mọ̀ ọ́n." Ẹni tó bá yan ọ́ìlì ló máa kọ́kọ́ yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀ tí òtútù bá kọ́kọ́ wọ àádọ́ta. Wọ́n á fi áńbúláǹsì kan sílẹ̀ níta mọ́jú, torí ọkọ̀ tó lọ abúlé kì í rí gáréèjì sùn.

Ọjọ́ náà dé lọ́sẹ̀ kejì oṣù Kejìlá. Mọ́kànléláàádọ́ta. Bátìrì nìkan ni wọ́n gbé wọlé mọ́jú. Gbogbo wọn tò síta, èémí wọn ń rú bí èéfín. Tuyaara yí kọ́kọ́rọ́.

Ọkọ̀ kérora. Ó tún kérora, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí arúgbó tó ń dìde lórí àga. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbà!

Keskil fò sókè, ó nawọ́ sí Tuyaara. "Ìyá ọ́ìlì! Ìyá ọ́ìlì dé o!" Kò pẹ́ tó fi gbé ọkọ̀ náà lọ abúlé, torí wọ́n ti ń pè.

Bàbá Uybaan nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Ó wọlé, ó jókòó ti Tuyaara, ó fa pépà ọ́ìlì kan tó ti rún jáde nínú àpò, ó wọ awò ojú ẹ̀.

"Ọ́ìlì ọkọ̀ tèmi nìyí," ló wí. "Òórùn ẹ̀ ṣì dáa o. Àmọ́ kọ́kọ́ bá mi ka ọjọ́ tó wà nísàlẹ̀ yẹn ná."