Ọgọ́rin Kílò Inú Fáìlì

Ẹ gbọ́ ná, báwo lèèyàn tún ṣe ń sanra jù báyìí lọ? Èmi ni wọ́n kọ̀wé sí o. Pé mi ò sanra tó! Inṣọ́ránsì tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù bàbá Azeezah láti ọjọ́ yìí wá… òun ló ní òun ò lè tọ́jú mi. "Ìwọ̀n ara aláìsàn kò tó èyí tí ètò wa fàyè gbà." Wọ́n tún wá lu òǹtẹ̀ sí i.

Astagfirullāhi. Mi ò fẹ́ bínú. Mo ti ń bínú.

Kò tó kẹ̀? Èmi tí mo jókòó sórí bẹ́ńṣì ilé ìwòsàn yìí tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rọra dìde fúnra ẹ̀? Oníkẹ̀kẹ́ tó gbé mi láti Adéwọlé láàárọ̀ ṣáà ríran: "Àlàájà, ẹ bọ́ sáàárín o, kí kẹ̀kẹ́ má fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

Dókítà náà ò fi bò. "Màmá, ara yìí ló ń lọ orúnkún yín. Tí ẹ bá tún fẹ́ forí kanlẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fúyẹ́." Abẹ́rẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tó ń dín ara kù ló kọ fún mi. Apá wa ò ká abẹ́rẹ́ yẹn láìsí inṣọ́ránsì.

Ọdún kẹta rèé tí mò ń kírun lórí àga. Àga oníke funfun, lẹ́yìn gbogbo obìnrin, bí ẹni tó wá wòran. Wọ́n á forí kanlẹ̀, èmi á tẹrí ba díẹ̀… àyà ara mi ni mò ń rí. Ọlọ́run gbà á bẹ́ẹ̀, mo mọ̀, lémọ́mù ti sọ ọ́. Síbẹ̀ — ilẹ̀ ni mo fẹ́. Kì í ṣe ìbàdí tẹ́ẹ́rẹ́. Ilẹ̀ lásán, kí iwájú orí mi kàn án.

Obìnrin ojú fèrèsé inṣọ́ránsì ní, "Ohun tó wà nínú fáìlì la fi ń ṣiṣẹ́, Mà. Ọgọ́rin kílò ló wà níbẹ̀." Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó tún wo fáìlì. Ẹ̀rín ń pa á, mo rí i.

Ọgọ́rin! Ta ló kọ ọgọ́rin? Òpùrọ́ wo, aláìbẹ̀rù Ọlọ́run wo ló—

…Háà.

Naimat. Nọ́ọ̀sì Naimat ló kọ ọ́. Ọmọ dáadáa ni. "Àlàájà, ẹ bọ́ bàtà, ẹ gorí ìwọ̀n." Èmi ni mo ní, "Kọ ọgọ́rin síbẹ̀ jàre. Ṣé o fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ ni?" "Ẹ jọ̀ọ́, Mà…" "Ìyá ẹ lo fẹ́ máa bá jiyàn?" Ó kọ ọ́. Oṣù tó tẹ̀lé e, ọgọ́rin. Èyí tó tẹ̀lé ìyẹn, ọgọ́rin. Ìgbà tí Azeezah wà lẹ́nu ọmú ni mo wọn ọgọ́rin kẹ́yìn! Èmi tí mo máa ń na ọmọ nítorí irọ́.

Òǹtẹ̀ tiwọn ló wà lábẹ́ lẹ́tà yìí. Ẹnu tèmi ló ti jáde.

Azeezah mọ̀. Ọjọ́ tí à ń sìn ín lọ sílé ọkọ l'Ókè-Òyì, ó di ọwọ́ mi mú: "Màmí, ẹ ṣèlérí fún mi. Ẹ gorí ìwọ̀n, lẹ́ẹ̀kan péré." Mo ní in ṣā Allāh. Ọdún méjì. Mo wá ń fi in ṣā Allāh sá fún ọmọ mi.

Ìwọ̀n náà nìyẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níwájú gbogbo èèyàn. Inṣọ́ránsì ṣì lè ní rárá. Wọ́n lè wá ẹjọ́ mìíràn rò. Kí wọ́n wá a.

"Naimat, mú bírò."

Mo bọ́ bàtà. Irin yìí tutù. Ojú ọmọbìnrin yìí wà lẹ́nu mi, ó ń retí ọgọ́rin.

"Má wo ẹnu mi. Ìwọ̀n ni kó o wò."

Mẹ́rìnlélọ́gọ́fà. Ó ń kọ ọ́.

Azeezah, mo ti gorí ẹ̀.