Ìwé Ìbò Merle Olójú-Ewé Kan

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Ọ̀wàrà, Ardis Tollefson lọ gba ìwé ìbò rẹ̀ àti ti ọkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Chayo, ọmọbìnrin tó ń bá àwọn ará Ajijic ní Mẹ́síkò tẹ ohunkóhun tó bá ti ń jẹ́ ìwé. Ó tú wọn wò kó tó kúrò níbẹ̀. Tirẹ̀ jẹ́ ojú-ewé méjì. Ti Merle jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo.

"Chayo, ẹ̀rọ rẹ ti jẹ ojú-ewé kan nínú ti ọkọ mi."

"Ẹ̀rọ mi kì í jẹ ìwé, Doña Ardis, ọwọ́ èmi ló máa ń jẹ," ni Chayo dá a lóhùn, ó sì yí kọmpútà sí i kó lè fojú ara rẹ̀ rí i. "Ẹ wò ó. Ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Don Merle ò ju báyìí lọ. Bóyá wọ́n mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ràn ìwé kíkà ju ọkọ yín lọ."

Ardis kò rẹ́rìn-ín. Ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ ìdìbò ní Elmgrove, nílé ní Amẹ́ríkà, ló ṣe àṣìṣe, inú sì ti ń bí i sí wọn, nítorí kò sí àkókò mọ́. Ní Ọjọ́rú, Ruthanne aládùúgbò wọn yóò wa ọkọ̀ lọ sí Laredo ní Amẹ́ríkà, yóò sì bá gbogbo ará Amẹ́ríkà tó wà ládùúgbò kó àpòòwé ìbò wọn dání, kó lè jù wọ́n sínú àpótí lẹ́tà ní òdìkejì ẹnubodè. Bí wọ́n ti máa ń ṣe é nìyẹn. Ruthanne kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè ẹni tó dìbò fún. Òun fúnra rẹ̀ kò sì ní ohun tó ń fi pa mọ́, nítorí ó lẹ orúkọ ẹni tirẹ̀ mọ́ ọkọ̀ níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Kí ẹ tó lè mọ ìdí tí ojú-ewé kan fi da obìnrin yìí láàmú tó bẹ́ẹ̀, ẹ ní láti mọ Merle. Ọkùnrin tí kò tíì gbà láti fi ọ̀rọ̀ ìdìbò Amẹ́ríkà lé Ọlọ́run lọ́wọ́ ni. Aago márùn-ún ìdájí ni yóò ti jí, yóò gbé kọfí sọ́wọ́, yóò fi nǹkan ìgbọ́rọ̀ sétí, yóò sì máa gbọ́ ohun tí àwọn ọ̀mọ̀ràn ń sọ nípa ìpínlẹ̀ tí òun kò fẹsẹ̀ tẹ̀ rí. Ó lẹ àwòrán gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà mọ́ ara fíríìjì, ó ń fi pẹ́ńsù pupa àti búlúù kùn ún, tí àwọn olùwádìí bá sì ti yí ohùn padà, yóò pa á rẹ́, yóò tún un kùn. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi ṣe alábòójútó ibùdó ìdìbò ní Elmgrove, ìlú kékeré tí wọ́n ti wá, kò sì sí ìgbà kan tí iye ìwé àti iye orúkọ kò bára mu lọ́wọ́ rẹ̀. Ardis ní tirẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ rí ti Ààrẹ rò. Ìwé ìròyìn Elmgrove ló máa ń kà lórí fóònù, láti orí ẹni tó kú títí dórí ẹni tí ajá rẹ̀ sọnù. Láti ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, ẹgbẹ́ tí ọ̀kan bá dìbò fún, èkejì kì í dìbò fún un. Wọn a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ńṣe ni àwọn kàn ń bá ìjọba fi ìwé ṣòfò, síbẹ̀ wọn kò pa ìdìbò kan jẹ rí.

Ọ̀tọ̀ ni ti ọdún yìí. Tessa, ọmọ Leona àbúrò Ardis, ń díje fún ipò akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀. Láti oṣù Okúdù ni Ardis ti ń fọwọ́ sọ̀yà fún un lórí fóònù pé ìbò méjì ń bọ̀ láti Mẹ́síkò. Nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá ti sọ ọ́, Merle a wúkọ́, a sì jáde lọ bomi rin òdòdó.

Nígbà tí Ardis dé gbàgede ìlú, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó wọ awò ojú rẹ̀. Ààrẹ wà lórí ìwé Merle, sẹ́nétọ̀ wà níbẹ̀, aṣojú-ṣòfin wà níbẹ̀, ó parí. Lórí tirẹ̀, àwọn mẹ́ta yìí wà, lẹ́yìn náà ni ti ìbílẹ̀ bẹ̀rẹ̀, orúkọ Tessa sì wà níbẹ̀ gàdàgbà. Ní ìsàlẹ̀ ìwé Merle ni wọ́n ti kọ ọ́ wínníwínní pé ẹni tó bá ti sọ nínú fọ́ọ̀mù rẹ̀ pé òun kò ní padà wálé mọ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbò ìbílẹ̀. Ardis kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Òṣìṣẹ́ kankan kò ṣe àṣìṣe níbẹ̀.

Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni wọ́n máa ń kọ fọ́ọ̀mù náà. Ó ní ibì kan tí ẹni tó wà lókè òkun ti máa ń fa àmì sí bóyá òun yóò padà tàbí òun kò ní padà. Ardis kì í tilẹ̀ ka ibẹ̀ mọ́, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ọ̀nà. Ìgbà òtútù méjì péré ni Merle ní kí àwọn wá lò ní Ajijic nítorí orúnkún tó ń dùn ún. Ìgbà òtútù méjì ti di ọdún mẹ́sàn-án, Ardis kò sì yé sọ fún àwọn ará ilé pé lọ́dún tó ń bọ̀ ni. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ tó kọjá, òtútù mú un, orí ibùsùn ló ti kọ tirẹ̀, Merle ló sì dá kó fọ́ọ̀mù méjèèjì lọ sọ́dọ̀ Chayo. Ọkọ rẹ̀ ti sọ fún ìjọba pé òun kò lọ mọ́, kò sì sọ fún òun. Ó dùn ún débi pé kò lè dìde lórí bẹ́ǹṣì náà fún ìgbà pípẹ́.

Abẹ́ igi píà ní àgbàlá ló ti bá Merle, nǹkan wà létí rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀.

"Yọ nǹkan yẹn létí."

Merle yọ ọ́. "Wọ́n ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ti ń mì o."

"Pennsylvania ò kàn mí." Ó gbé ìwé méjèèjì lé e lẹ́sẹ̀. "Wo tèmi. Wo tìẹ."

Merle wò wọ́n, ṣùgbọ́n kò kà wọ́n. Ó ti mọ ohun tó wà níbẹ̀.

"Mo ti fẹ́ sọ fún ẹ," ó ní.

"Ìgbà wo? Oṣù Ṣẹ́rẹ́ lo kọ ọ́, Merle. Ọ̀wàrà la wà yìí."

"Ojoojúmọ́ ni mo ń fẹ́ sọ ọ́. Ojoojúmọ́ nìwọ náà sì ń ka ìròyìn Elmgrove sí mi létí nídìí oúnjẹ."

"Ìjọba Amẹ́ríkà lo kọ́kọ́ sọ tinú ẹ fún. Èmi tí mò ń fọ ṣòkòtò ẹ ò mọ nǹkan kan."

"Ìbúra ló wà lábẹ́ ìwé yẹn, Ardis. Mo ti dá àwọn èèyàn padà ní ibùdó ìdìbò torí pé wọ́n purọ́ ibi tí wọ́n ń gbé. Ọlọ́yàyà èèyàn, àwọn ọ̀rẹ́ wa. Mo gbé bírò síbi tá a máa ń fàmì sí, ọwọ́ mi ò lọ."

"Kí ló wà níbí tí ò sí nílé?"

 Merle ń yí nǹkan etí náà lọ́wọ́.

"Dale," ó ní.

Dale ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Elmgrove ló sì wà, kò kúrò níbẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n jọ wà nílé, kò sí Ọjọ́ Ìdúpẹ́ tí wọn kì í jà sí ọ̀rọ̀ ìjọba. Lọ́dún tó ṣáájú èyí tí Merle kó kúrò, Dale fi tòlótòló sílẹ̀ lórí tábìlì, ó bá tirẹ̀ lọ, wọn kò sì kí ara wọn fún oṣù mọ́kànlá.

"Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mò ń pè é báyìí," ni Merle wí. "Á sọ tiẹ̀ nípa ìjọba, màá rẹ́rìn-ín, màá bi í bóyá ẹ̀yìn ṣì ń dùn ún. Tá a bá tún jọ wà ládùúgbò kan náà, n ò lè ṣe é. Mo mọ ara mi. Ibi tí mo wà yìí ni mo ti lè fẹ́ràn wọn dáadáa, Ardis. Tí mo bá tún sún mọ́ wọn, mo máa bà á jẹ́."

"Èmi ńkọ́?"

"Tó o bá ní ká lọ, màá palẹ̀ mọ́. Mo ti ń retí kó o sọ ọ́ látọdún mẹ́sàn-án. Ọdún tó ń bọ̀ lo máa ń sọ. O ò sọ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ rí."

Ardis kó ìwé méjèèjì kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó wọ inú ilé ìdáná lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ àwọn ife tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ohun tó ń bí i nínú jù ni pé ó mọ̀ pé òótọ́ ni ọkùnrin náà ń sọ. Bó bá ní kí wọ́n lọ, Merle yóò di ẹrù, yóò tẹ̀ lé e, kò ní ráhùn lẹ́ẹ̀kan, yóò sì máa jókòó sójú fèrèsé nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ méjèèjì, yóò máa wo yìnyín. Ó fẹ́ràn rẹ̀ kọjá kó fi irú ìyà bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn Elmgrove náà. 

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n jókòó sídìí tábìlì láti dìbò. Òfin ìpínlẹ̀ wọn ni pé ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ rí ohun tí olùdìbò ń fàmì sí. Merle kì í fi òfin ṣeré. Ó yí àga rẹ̀ padà, ó kọjú sí ògiri, ó sì ká ọwọ́ lẹ́yìn bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ń jẹ níyà.

Ardis fàmì sí ti Ààrẹ, ó pa ìbò ọkọ rẹ̀ bó ti máa ń pa á. Ó ṣí ojú-ewé kejì, ó fàmì sí ti Tessa, inú rẹ̀ sì dùn. Ó kan ti akápò. Orúkọ méjì ló wà níbẹ̀, kò mọ ọ̀kankan. Ti ẹni tí yóò máa tọ́jú ìwé ilẹ̀ náà, kò mọ̀ wọ́n. Ọgbọ̀n ọdún ni obìnrin yìí fi ṣe olùkọ́ ní Elmgrove. Nígbà kan, kò sí orúkọ lórí ìwé ìbò tí kì í ṣe pé òun ló kọ́ ọ ní ìṣirò, tàbí kó jẹ́ pé òun ló kọ́ ọmọ rẹ̀. Wendell tó wà nípò akápò tẹ́lẹ̀ ti kú. Òun fúnra rẹ̀ ló kà á nínú ìwé ìròyìn, ó sọ pé "ó mà ṣe o", ó sì ṣí ojú-ewé tó kàn. Ó wá orúkọ kan péré tó mọ̀ yàtọ̀ sí ti ọmọ àbúrò rẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò rí.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Merle gbọ́ ọ, ẹ̀yìn rẹ̀ le gbagidi, ṣùgbọ́n kò yíjú.

"Merle."

"Ẹlẹ́rìí ò gbọdọ̀ wo ìwé."

"Ta ló ní kó o wo ìwé?"

Ó yíjú wàyí. Ó na aṣọ ìnujú rẹ̀ sí i, Ardis nujú, ó fun imú, ó sì dá a padà fún un bẹ́ẹ̀. Ó fi àyè tó kù sílẹ̀ lófìfo, ó ká ìwé náà.

"Nígbà tí mo fàmì sí i ní Ṣẹ́rẹ́ pé mo ń padà bọ̀," ó ní, "mi ò mọ̀ pé irọ́ ni."

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀."

Nígbà tó kan Merle, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ardis ló wá di ẹlẹ́rìí. Ẹlẹ́rìí ní láti bọwọ́ lùwé lẹ́yìn àpòòwé, kó sì kọ ibi tó ń gbé. Láti ọdún mẹ́sàn-án, ilé Leona ní Elmgrove ni Ardis máa ń kọ síbẹ̀, Merle a sì máa kùn sí i lábẹ́lẹ̀. Ó bọwọ́ lù ú. Bírò dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọ nọ́ńbà ilé tí wọ́n jókòó sí, ó kọ orúkọ òpópónà wọn, ó kọ Ajijic. Merle rí i. Ó ní làákàyè, ó kàn lẹ àpòòwé náà pa.

Ruthanne ti gba àpòòwé méjèèjì lọ ní ìdájí ọjọ́ kejì kí Ardis tó lè gbé fóònù pe àbúrò rẹ̀. Ohùn Leona dé, ó ń jẹun lọ́wọ́.

"Leona, àwọn àwo tánganran Màmá tí mo fi sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ rẹ. Má tọ́jú wọn dè mí mọ́. Kó wọn fún Tessa."

Leona gbé oúnjẹ ẹnu rẹ̀ mì.

"Ardis, ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti kó wọn fún un. Òun ló fi ń gbé oúnjẹ Ìdúpẹ́ kalẹ̀."

"O ò sọ fún mi."

"Ṣé ìwọ náà sọ fún mi pé o ò padà wá mọ́?"

Ardis fa àga, ó jókòó. Merle ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà, kò sí nǹkan létí rẹ̀.

"Mélòó ló ti fọ́?" ni Ardis béèrè, Leona sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ wọ́n fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, àti ẹni tó fọ́ ọ.