Ọdún Kẹwàá Ọkọ̀ Òfuurufú

"Gbé e sílẹ̀, Ṣàfíù! Mo ní kí o gbé tẹlifíṣọ̀n yẹn sílẹ̀ kí n tó fi ohùn mi pe gbogbo Súrùlérè jáde!"

Àbúrò mi kò gbé e sílẹ̀. Ó ti yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri, ó gbé e mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá, ó sì ń wo ẹnu ọ̀nà pálọ̀ níbi tí Kùdírátù dúró sí, òṣùká lọ́wọ́. Kùdírátù ló wẹ òkú ìyá wa. Nínú ẹbí wa, ẹni tó bá wẹ òkú la máa ń kó ẹrù òkú fún: aṣọ, bàtà, ẹní ìkírun, gbogbo rẹ̀. Ọ̀la ni fídáù ogójì ọjọ́, ẹrù kankan ò sì gbọdọ̀ ṣẹ́ kù nílé kí fídáù tó wọlé.

"Àǹtí mi, ẹ má bínú," Ṣàfíù ní. "Àwọn ààfáà ti sọ̀rọ̀. Ẹrù ìyá ni."

"Ẹrù ìyá? Ta ló rà á? Abẹ́rẹ́ ọwọ́ mi ló rà á! Ìwọ tí o ò ra àtùpà fún wọn rí, ìwọ lo wá fẹ́ ṣe sàárà! Kùdírátù, jókòó jàre, òṣùká yẹn á tú mọ́ ọ lọ́wọ́ lónìí."

Kùdírátù ní òun ò bá ẹnikẹ́ni jà o, pé tí a bá parí, ká pe òun. Kò sì kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń jà fún, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé orí mi dàrú. Fíìmù kan wà tí wọ́n máa ń ṣe nírọ̀lẹ́ Sátidé. Ọkọ̀ òfuurufú kan ló wà nínú rẹ̀, ó ń rìn láàárín ìràwọ̀, àwọn èrò inú rẹ̀ sì ti sọ ọ̀nà ilé nù. Ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gúnlẹ̀ sí ayé tuntun, wọ́n á bèèrè ọ̀nà, wọ́n á bá àwọn ẹ̀dá olójú mẹ́ta jà, wọ́n á tún gbéra. Ogun abẹ́lé ń jà lọ́wọ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ogun parí, ọkọ̀ náà ò tíì délé. Wọ́n ní kí mọ́tò kúrò lọ́wọ́ òsì títì kó bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún, pọ́n-ùn di náírà, ìjọba ń ṣubú lu ìjọba, ọkọ̀ náà ò tíì délé. Ọ̀gá ọkọ̀ ti hu ewú. Èmi náà ti hu ewú. Ọdún yìí ló pé ọdún mẹ́wàá, wọ́n sì ti kéde rẹ̀: ní Sátidé, ọ̀túnla, ọkọ̀ á délé.

Ìyá mi, Sìmíátù, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ olùkọ́ kankan ò kọ́ mi. Ìwé ìròyìn tí mo fi ń gé bátànì aṣọ ni mo máa ń kà tán kí n tó ti sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́. Gbogbo Sátidé ni mò ń ti ṣọ́ọ̀bù mi ní Mushin wá. Màá bá wọn lórí àga wọn níwájú ẹ̀rọ náà, màá jókòó tì wọ́n, màá sì máa túmọ̀.

Wọn kì í jẹ́ kí n fo nǹkan kan. "Sàúdátù, aṣọ wo ni ọ̀gá ọkọ̀ wọ̀ lónìí?" Aránṣọ ni mí, inú mi á dùn. "Kọ́là rẹ̀ le, ìyá, ṣùgbọ́n ẹni tó rán an ò mọ apá gé." Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí. "Ẹ̀dá tó wọlé yẹn ńkọ́?" "Orí bí ìkòkò, etí ò sí níbẹ̀." "Ojú ọ̀run ńkọ́?" "Ó dúdú, ìràwọ̀ kún inú rẹ̀ bí iyọ̀ tó dà sórí àdìrẹ." Ọmọge ni ìyá mi nígbà tí wọ́n fi Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀, wọn ò padà lọ gbé ibẹ̀ mọ́. Bóyá ìdí nìyẹn tí ìtàn àwọn tó sọ ọ̀nà ilé nù fi wọ̀ wọ́n lọ́kàn. Tí fíìmù bá parí, wọn kì í sìn mí dé ẹnu ọ̀nà mọ́. Wọ́n ní orúnkún ń dun àwọn. Orí àga yẹn ni wọ́n ti máa ń ṣàdúrà fún mi.

Lọ́sẹ̀ tí wọ́n kú, wọ́n di ojú, wọ́n gbá ọwọ́ mi mú. "Bí n kò bá sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ yẹn bá délé, ìwọ ṣáà sọ ọ́ sókè. Má fo nǹkan kan."

"Orí àga wọn ni màá jókòó sí ní Sátidé," mo sọ fún Ṣàfíù. "Màá tan ẹ̀rọ yẹn, màá sì sọ ọ́ sókè fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tó bá di Sọ́ńdè, kí Kùdírátù gbé e, kó gbé àga mọ́ ọn, kó gbé ìwọ gan-an tó bá wù ú!"

"Ṣàfíù kẹ̀?" Kùdírátù ní. "Èmi ò ní ibi tí màá gbé e sí o."

"Àǹtí mi, fídáù ò ṣeé sún síwájú. Ẹ lọ wò ó nílé ọ̀rẹ́ yín."

"Nílé ta? Níbi tí wọn ò jókòó sí rí? Ìwọ tí ò ń gbé inú ilé yìí, Sátidé wo lo jókòó tì wọ́n? Tí o bá ti gbọ́ orin fíìmù báyìí, mọ́sálásí yá! O fi ìyá sílẹ̀ fún mi nígbà tí wọ́n wà láàyè, o wá ń fi òkú wọn ṣe ọ̀gá lé mi lórí. Kí lo mọ̀ nípa ohun tí ìyá fi ojú wọn wò lọ́dún mẹ́wàá? Mo ní kí lo mọ̀?"

Ṣàfíù gbé ẹ̀rọ náà padà sórí tábìlì, jẹ́jẹ́. Mo rò pé mo ti borí.

"Àǹtí mi," ó ní, kò tilẹ̀ gbé ohùn sókè, "ìyá ò ríran."

"Kí lo wí?"

"Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta. Mo mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìdí-Àràbà, dókítà ní ojú méjèèjì ti kú, pé kò sí ohun téèyàn lè ṣe sí i mọ́. Èmi ni mo máa ń fà wọ́n lọ́wọ́ wá sórí àga kí ẹ tó dé. Wọ́n mú mi búra. Wọ́n ní tí ẹ bá mọ̀, ẹkún lẹ ó máa sun, ẹ ò ní lè sọ ìtàn náà mọ́."

Mo yíjú sí Kùdírátù. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Irọ́ ni! Ẹ̀gbẹ́ mi ni wọ́n máa ń jókòó sí, Ṣàfíù! Ẹ̀gbẹ́ mi níbí!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí mi. Ẹ̀gbẹ́ yín. Ẹ ò wo ojú wọn rí. Tẹlifíṣọ̀n lẹ ń wò."