Iye Èèyàn Tó Wà Nínú Ìloro

Ẹ̀gbọ́n mi ti wọ ẹ̀wù kan náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí mo sọ fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà pé ẹ̀wù yẹn lè dá rìn lọ sílé fúnra rẹ̀, ó ní kó máa lọ, ó ṣáà mọ̀nà. Kò tiẹ̀ wojú mi. Ara ògiri lojú rẹ̀ wà, níbi tí a gbé tẹlifíṣàn ńlá kan kọ́ sí, tí kò sí nǹkan mìíràn lójú rẹ̀ ju nọ́ńbà kan ṣoṣo lọ: 576.

Iye èèyàn tó wà nínú géèmù wa ní ìṣẹ́jú yẹn nìyẹn, kárí ayé. Géèmù ìbọn ni. Ìloro Keje la sọ ọ́. Bí o bá wọ inú rẹ̀, o ò ní rí ara rẹ. Ọwọ́ rẹ méjèèjì àti ìbọn nìkan lo máa rí níwájú, bí ẹni pé ojú tìrẹ gan-an lo fi ń wò ó. Inú ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ti pa tì lẹ ti máa jà, ìloro méje, àwọn mẹ́fà kọjú sí mẹ́fà. Méjìlá ní pápá kọ̀ọ̀kan, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Ọdún mẹ́rin la fi ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ torí ẹ̀. Èmi pa ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣe irun tì, mo fúnra mi kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú ìbọn dún, àti bí wọ́n ṣe ń dá ẹni tó ń bú wa lóhùn láì bú u padà. Ìkejì yẹn ni n ò tíì mọ̀ dáadáa.

Ní aago méjì ọ̀sán, obìnrin kan ń bọ̀ láti ilé-iṣẹ́ tó ń gbé géèmù wa sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọwọ́ wọn ni sáfà wà, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá tí àwọn tó ń gbá géèmù ti ń pàdé ara wọn. Àdéhùn náà ò le: bí ó bá dé, tó gbójú sókè, tó rí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta èèyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, á fọwọ́ sí ọdún kan sí i. Bí wọn ò bá tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á pa sáfà ní ìparí oṣù, Ìloro Keje á kú, àwa mẹ́fà tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ á sì di ẹni tó ń wáṣẹ́.

"A fi mẹ́rìndínlọ́gọ́rin jù ú lọ," Ẹ̀gbọ́n mi ní, bí ẹni ń ka ẹ̀rọ tó ń wọn ibà.

Nígbà tí a kọ́kọ́ gbé e jáde, ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlógún èèyàn ló wọlé ní Sátidé àkọ́kọ́. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa géèmù yìn wá. Ọ̀kan nínú wọn ní ìbọn wa dún bí ìbọn, kò dún bí ẹni ń gbá páànù. Mo sunkún lórí gbólóhùn yẹn, torí ilẹ̀kùn irin àti òòlù ni mo fi ṣe ohùn ìbọn náà, apá mi wú fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, igbe sọ. Wọ́n ní àwọn ń dúró jù kí pápá tó kún. Ẹnì kan kọ ọ́ pé ìyàwó òun lóyún, ó bímọ, ọmọ ti ń rìn, òun ṣì ń dúró. A tún un ṣe, igbe rọlẹ̀. Èrò náà rọlẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀, wọ́n bá géèmù tuntun lọ, bí èèyàn ṣe máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ò jábọ́ tán. Láti oṣù mẹ́ta ló ti dúró sí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé díẹ̀, a sì ń dúpẹ́. Kódà, ìyìn tuntun wọlé. "Àwọn tó ń gbá géèmù yìí ni ọmọlúàbí jù láyé," ẹnì kan kọ ọ́. "Odindi oṣù méjì, kò sẹ́ni tó bú mi." Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn.

Èmi ni mo máa ń ka ohun tí àwọn èèyàn bá kọ sí wa. Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ nígbà tí mo ka èyí:

"Ẹ káàárọ̀ o. Nọ́ọ̀sì ni mí tẹ́lẹ̀, mo ti fẹ̀yìn tì. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbá géèmù yín tí mo bá ti lo oògùn mi tán. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe fún àwọn ọmọ inú ẹ̀? Mo kí wọn, wọn ò dáhùn. Wọ́n gbà mí lọ́wọ́ ikú, mo ní ẹ ṣé, wọ́n kàn yíjú. Bí mo bá ti ṣẹ̀ wọ́n láìmọ̀, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

Mo gbé ife tíì mi kalẹ̀. Mo wo ògiri: 576. Bí mo ṣe ń wò ó, ó di 564. Ó pẹ́ díẹ̀, ó di 552. Lẹ́yìn náà ó gòkè padà sí 564. Oṣù mẹ́ta gbáko ni nọ́ńbà yẹn fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójú mi, mo sì ń jẹun lábẹ́ ẹ̀. Èèyàn kì í jáde ní méjìlá-méjìlá. Àfi tó bá jẹ́ pé bọ́ọ̀sì ló ń kó wọn.

Mo dìde, mo lọ bá Má-fọwọ́-kàn-án. Òun ló ń kọ kóòdù wa, bàbá kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. A sọ ọ́ lórúkọ yẹn torí pé ohun tó máa ń sọ nìyẹn tí nǹkan bá ti ń ṣiṣẹ́, bó ti wù kó máa mì tó.

"Bàbá," mo ní, "àwọn ọmọlángidi yín yẹn, báwo ni wọ́n ṣe ń wọlé?"

Ọmọlángidi la máa ń pe àwọn ayédèrú tí kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ ń darí. Nígbà tí wọ́n ń pariwo pé àwọn ń dúró jù, àwọn la fi dí àyè.

"Bí gbogbo èèyàn ṣe ń wọlé ni," ó ní. "Wọ́n ní orúkọ, wọ́n ní ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹ̀yin lẹ ní kí n yára."

"Ògiri wá ń kà wọ́n mọ́ èèyàn?"

Ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n. "Ẹni tó bá ti wọlé ni ògiri ń kà."

"Tí èèyàn gidi bá wá dé ńkọ́, wọn kì í dìde fún un?"

"Báwo ni wọ́n ṣe máa dìde? Tí ẹnì kan bá dé, mo ṣí pápá fún un. Tí kò bá rí ẹnì kankan láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ọmọlángidi mọ́kànlá á bá a jókòó. Pápá kún nìyẹn."

"Ẹni tó bá dé lẹ́yìn ẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ti kún, ṣé ẹ rí i. Mo máa ṣí pápá tuntun fún òun náà..." Ohùn ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí kò fi gbọ́ ara ẹ̀ mọ́. Ó ti rí i.

A jọ pín 564 sí ọ̀nà méjìlá. Mẹ́tàdínláàádọ́ta. Èèyàn mẹ́tàdínláàádọ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìloro tirẹ̀, tí olúkúlùkù rò pé àárín ọjà lòun wà. Abájọ tí wọ́n fi jẹ́ ọmọlúàbí. Ta ni kò ní jẹ́ ọmọlúàbí tí kò bá lẹ́nu?

Ilé ìdáná kékeré tí a ti máa ń se tíì ni mo ti bá Ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń fi omi tútù bọ́jú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́."

"Ẹlẹ́nu, tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀wù..."

"Ẹ̀wù kọ́. Èèyàn mẹ́tàdínláàádọ́ta ló ń gbá géèmù yín. Ọmọlángidi ni gbogbo ìyókù."

Ó dúró, omi ń kán nírùngbọ̀n ẹ̀. Ó ní, "Ta ló tún mọ̀?"

Kò bi mí pé báwo. Kò ní irọ́ ni. Ta ló tún mọ̀ ló bi mí.

"Ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀."

"Mo fura. N ò kà á."

"Ẹ ò kà á torí ẹ mọ iye tó máa jẹ́."

"Àbúrò mi, jọ̀ọ́. Jẹ́ ká dé aago mẹ́ta. Kó ṣáà fọwọ́ sí i, lẹ́yìn náà a máa tún un ṣe."

"Lẹ́yìn náà wo? Tí ẹ bá tún un ṣe lọ́la, ọ̀la náà ni nọ́ńbà máa já. Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ń bẹ ọmọlángidi pé kí wọ́n dárí ji òun, Ẹ̀gbọ́n! Ó rò pé òun ṣẹ̀ wọ́n!"

Mo ń retí kó jágbe mọ́ mi. Tó bá jágbe, mo ti ní èsì lẹ́nu, méjì-mẹ́ta, tó mú bí abẹ. Ṣùgbọ́n orí àga ìdáná ló jókòó sí, ó gbé ọwọ́ tútù méjèèjì lé orúnkún.

"Ó rẹ̀ mí," ó ní. "Ó ti rẹ̀ mí láti ọdún tó kọjá. Tí mo bá jókòó báyìí, bí ẹni pé wọ́n da sìmẹ́ńtì sí mi lẹ́sẹ̀ ni."

Kí lẹ fẹ́ kí n fi fèsì ìyẹn? Ó rẹ èmi náà. Mo ní, "N ò ní dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ó bá bi mí, n ò ní purọ́." Ó gbà bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ mí, ìyá kan náà ló bí wa.

Obìnrin ilé-iṣẹ́ sáfà náà dé ní aago méjì ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò rí bí ẹni tó lè pa géèmù. Ó kàn rí bí ẹni tí bàtà ń fún. Ó jókòó, ó sì yọ ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrò nínú bàtà lábẹ́ tábìlì, ó rò pé a ò rí òun.

"Ibi kẹta tí mo dé lónìí nìyí," ó ní. "Mo ti pa méjì àkọ́kọ́ tì." Ó gbójú sókè. 564. "Ẹ̀yin tiẹ̀ gbìyànjú o." Ó tú ìwé sílẹ̀, ó ṣí bírò, ó wá wo apá ọ̀dọ̀ mi bí ẹni ń fi ọ̀rọ̀ dí àyè. "Gbogbo èèyàn yẹn ló wà níbẹ̀ báyìí?"

"Mẹ́tàdínláàádọ́ta ló wà níbẹ̀," mo ní. "Àwọn tó kù, ọmọlángidi ni."

Ẹ̀gbọ́n mi di ojú. Má-fọwọ́-kàn-án wo ilẹ̀. Obìnrin náà ò tiẹ̀ dá ọwọ́ dúró.

"Mo mọ̀ pé nǹkan kan máa wà níbẹ̀," ó ní. "Ó máa ń wà. Ṣùgbọ́n ìwé yìí ò bi mí bóyá wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ lára. Nọ́ńbà tó wà lójú tẹlifíṣàn ló ní kí n kọ. Ẹ pa ẹnu yín mọ́, èmi náà á pa tèmi mọ́, ọ̀gá mi á yọ̀."

Èmi tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́nu, mo wá ọ̀rọ̀ tì. Mo ti gbé òótọ́ wá bí ẹni gbé òkúta tó fẹ́ fi fọ́ fèrèsé, wọ́n wá ní fèrèsé ò sí, kí n gbé e kalẹ̀ níbẹ̀ yẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ̀rọ̀. "Ṣé ẹ ti gbá a rí?"

"Kí ni?"

"Ìloro Keje."

"Géèmù mọ́kànlélógójì ló wà lábẹ́ mi, ọmọ ìyá mi. Rárá."

"Ọ̀gá yín ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ̀yin ò gbá a, òun náà ò gbá a," Ẹ̀gbọ́n mi ní. "Àwọn tó ń gbá a, a tì wọ́n mọ́lé lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá wá fọwọ́ sí ìwé yìí, ta la ṣí sáfà sílẹ̀ fún?"

"Ẹ̀yin mẹ́fà ni," obìnrin náà ní, jẹ́jẹ́. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Òótọ́ ló sì sọ, ìyẹn ló jẹ́ kó dùn wá.

Ẹ̀gbọ́n mi wò wá kárí, ẹnì kọ̀ọ̀kan, bí olùkọ́ ṣe ń ka orúkọ. Kò sẹ́ni tó sọ pé kó yọ àwọn ọmọlángidi, kò sẹ́ni tó sọ pé kó má yọ wọ́n. Ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ Má-fọwọ́-kàn-án, bàbá náà ní, "Mo ní ọmọ méjì nílé ìwé o."

"Mo mọ̀, bàbá."

Bàbá náà fọwọ́ ra irùngbọ̀n títí. Lẹ́yìn náà, ó fa kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ra láì dúró de àṣẹ, ó kùn lábẹ́ èémí pé kóòdù burúkú ni tẹ́lẹ̀, ó sì yọ àwọn ọmọlángidi kúrò.

Wọn ò lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìjà kọ̀ọ̀kan bá ṣe ń parí ni wọ́n ń pòórá. 564. 432. 289. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ la fi jókòó tí à ń wò ó, gbogbo wa, àlejò náà pẹ̀lú, bí ẹni jókòó ti aláìsàn. 113. 47. Níbẹ̀ ló dúró.

Obìnrin náà dé bírò rẹ̀. "Ìparí oṣù, ó di dandan," ó ní. Ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ojú rẹ̀ fà ro. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú sí Ẹ̀gbọ́n mi. "Ẹ lọ sùn, ẹ jọ̀ọ́." Ó lọ síbi kẹrin.

A gbọ́ ariwo láti inú gbohùngbohùn àfisétí Má-fọwọ́-kàn-án. Ohùn èèyàn ni. Ọ̀kan ń béèrè ẹni tó yin òun níbọn lẹ́yìn. Òmíràn ní tí ojú ẹ̀ bá fọ́, kó wá awò. Ẹ̀rín sọ. Mẹ́tàdínláàádọ́ta: pápá mẹ́ta kún, ìkẹrin ku ẹnì kan.

"Wọ́n ń retí ẹnì kan," Má-fọwọ́-kàn-án ní.

Ẹ̀gbọ́n mi fa àga. Ó ti tó oṣù mẹ́wàá tí kò ti gbá géèmù tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe. Nọ́ńbà ò jẹ́. Ó gbé gbohùngbohùn sétí, ó wọlé. Ẹnu ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ ni wọ́n pa á sí. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ bóyá àná ló ra géèmù náà.

Èmi ṣí ojú ewé tuntun, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́: *Ẹ̀yin tó ń gbá Ìloro Keje, a ó pa sáfà ní ọgbọ̀njọ́ oṣù yìí.* Ọwọ́ mi dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n sọ ìdí ẹ̀ fún wọn? Gbogbo ẹ̀?"

"Sọ ọ́," ó ní, kò yíjú. Wọ́n tún ti yìn ín níbọn. "Gbogbo ẹ̀. Jẹ́ kí n kú tán ná, màá wá kà á kó o tó fi ránṣẹ́."