Àbẹ̀kẹ́ ń hun sẹ́dà ní Táílàńdì

Kí n tètè sọ ọ́, àbúrò mi, kó tó pòórá. Mo wà nínú tẹ́ńpìlì àtijọ́ kan ní Táílàńdì, níbi tí Àbẹ̀kẹ́, aya mi olóògbé, ti ń hun sẹ́dà lórí òfì. Etí ère Búdà oníwúrà tó sùn gbọọrọ ni òwú rẹ̀ ti ń jáde bọ̀. Mo ní ká máa lọ sílé.

"Bàbá Délé, bàtà lẹ wọ wọlé? Gbogbo ayé bọ́ tiwọn sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ bọ́ ọ, kí n lè bá yín lọ."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń tú okùn bàtà, bí mo ṣe ń tú u ló ń gùn sí i.

"Ẹ ṣe kíá, bàbá yìí. Wọ́n fẹ́ tilẹ̀kùn."

Mo rí ọ̀kan bọ́. Mo gbójú sókè kí n fi hàn án, mo jí.