Ẹ́ńjìnnì Méjì Lórí Táyà Bárò

Télọ̀ ni mí ní àárín ìgboro Ọ̀wọ̀, Salahudeen lorúkọ mi, n kò sì fẹ́ràn ariwo. Ọlọ́run fi ọmọ kan ṣoṣo ta mí lọ́rẹ, ọmọ náà sì lọ yan iṣẹ́ mẹkáníìkì láàyò. Ibtisam ni. Ó ti gba òmìnira lọ́dọ̀ Ọlámúyìwá, ọ̀gá rẹ̀, ó sì mọ ọ̀kadà tú ju bí mo ṣe mọ sòkòtò tú lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé tó bá pẹ́ níta, n kì í lè rán aṣọ.

Kingsley ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ ni, ọlọ́kadà ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Lọ́jọ́ kan tí Ibtisam tún ọ̀kadà rẹ̀ ṣe tán, ó ní àtúnṣe lobìnrin lè mọ̀, pé kò sí eré sísá nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ibtisam kò bá a jà. Ó ní kó pàdé òun ní ojú ọ̀dà tuntun lọ́nà Imoru, ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìtúnu àwẹ̀, alùpùpù tí òun bá fọwọ́ ara òun ṣe lòun yóò fi nà án.

Bí ẹ̀yìnkùlé mi ṣe di ilé irin nìyẹn. Ó gé páìpù omi, ó gbé e lọ bá wẹ́dà kó bá a jó o pọ̀. Táyà bárò ló fi ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ìjókòó rẹ̀ kò ga ju àpótí ìdáná ìyá rẹ̀ lọ. Ó wá to ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ méjì sáàárín, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ó fi ṣéènì so àwọn méjèèjì mọ́ táyà ẹ̀yìn. Ọ̀kan nínú wọn, jẹnẹrétọ̀ tí mo fi ń ránṣọ ni. Mo bínú, mo pariwo, mo sì tún bá a dì í mú kó lè dè é ní nọ́ọ̀tì. Ọmọ ẹni kò sáà ní í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká wá fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni bí yóò ṣe dúró. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń pa jẹnẹrétọ̀. Bọ́tìnnì rẹ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́, kò sì sẹ́ni tí í tún un ṣe. Ńṣe la máa ń ti ẹnu epo, tí a ó sì bá tiwa lọ, tí epo inú rẹ̀ bá gbẹ, yóò kú fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó kú, yóò kọ́kọ́ han, yóò sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kó tó wá dákẹ́. Nínú ilé, ìyẹn kò ṣe nǹkan. Ẹni tó jókòó lé e lórí ńkọ́?

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ tan án, ó gbé e lé búlọ́ọ̀kù kí táyà má baà kanlẹ̀. Ilẹ̀ gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, adìyẹ sá wọ ilé onílé. Ó ti epo méjèèjì. Ọ̀kan kú. Èkejì gbé ohùn sókè, ó ń han, ó ń yí táyà lọ ràì, ó pẹ́ kó tó dákẹ́. Ó tún wọn tàn. Lọ́tẹ̀ yìí, èyí tó kọ́kọ́ kú lẹ́ẹ̀kan ló wá kọ̀ tí kò kú.

Mo ní, "Ibtisam, ṣé kò ní bọ́tìnnì tí yóò pa méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà?"

"Màá fi sí i, Bàbá."

"Nígbà wo?"

"Lẹ́yìn eré. Wáyà tó yẹ kí n so ó mọ́ ti já nínú, àfi kí n tú ẹ́ńjìnnì délẹ̀, Sọ́ńdè sì ti dé tán. Búrékì kúkú wà níbẹ̀."

Búrékì ọ̀kadà kan ṣoṣo, fún ẹ́ńjìnnì méjì.

Mo lọ bẹ Ọlámúyìwá kó bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ó wá, ó yí nǹkan ọ̀hún po, ó mirí. Ó ní, "Ibtisam, má gùn ún báyìí." Ibtisam kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, ọ̀gá mi." Mo mọ ìkúnlẹ̀ yẹn. Ẹni tí kò ní í gbọ́ ló ń kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Qudirat ìyá rẹ̀ kò tiẹ̀ bá a sọ nǹkan kan, èmi ló kọjú sí.

"Bàbá Ibtisam, ọma mi kan ṣoṣo rèé o. Bí nǹkan bá ṣe é, ulé yìí ò ní í gba èmi àti ẹ̀yin."

Mo rò ó pé kí n ti alùpùpù náà mọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tí mo bí. Yóò lọ kọ́ òmíràn níbi tí ojú mi kò tó, ìyẹn ni yóò sì burú jù.

Ọ̀dà Imoru náà tẹ́jú, ó dán, ṣùgbọ́n òjijì ló dópin, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ojú ọ̀nà da òkìtì òkúta wẹ́wẹ́ sí. Ní Sọ́ńdè náà, mo ti débẹ̀ ṣáájú gbogbo wọn, tèmi ti ṣọ́bìrì. Iyanrìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo ń kó o, mo ń dà á síwájú òkúta. Àwọn òǹwòran ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní télọ̀ ti gba iṣẹ́ ìjọba. Mo bú wọn, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ. Nígbà tí iyanrìn náà ga díẹ̀, mo rí i pé ó gùn tó ènìyàn, ó sì fẹ̀ tó ènìyàn. Mo sáré fi ṣọ́bìrì tú u ká, kó má baà jọ ohun tó jọ.

Wọ́n gbéra lókèèrè. Mo gbọ́ ọ kí n tó rí i. Kò pẹ́ tí Ibtisam fi Kingsley sẹ́yìn, ó kọjá ibi tí wọ́n na aṣọ sí pé eré parí, ariwo ayọ̀ sọ. Èmi kò yọ̀. Mo rí i tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó na ọwọ́ òsì ti ẹnu epo kan, tó tún ti èkejì. Mo ń tẹ́tí. Ohùn méjì di ọ̀kan, ọ̀kan náà sì gòkè. Ti iwájú ni. Èéfín ń rú lára búrékì, táyà kò dúró. Mo kígbe pé kó fò sílẹ̀. Kò wo ọ̀nà, kò wò mí, ẹ́ńjìnnì yẹn ló ń wò, ó fajú ro sí i. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọ inú iyanrìn, iyanrìn gba alùpùpù lábẹ́ rẹ̀, ó sì ju ọmọ mi sórí òkúta.

Kingsley ló bá mi gbé e. Ó ń sunkún, ó ń bẹ̀ mí, mo ní kó di ẹsẹ̀ yẹn mú dáadáa.

Ní ọsibítù, wọ́n ní ẹsẹ̀ ti kán, egungun ìhà náà sì ti kán, pé ká dúpẹ́ lọ́wọ́ iyanrìn. Qudirat jáde lọ ra oògùn láìbá mi sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni Ibtisam ti la ojú. Mo gbé ọwọ́ lé e níwájú orí. Mo ń retí kó sunkún, kó ní òun kò ní í sún mọ́ alùpùpù yẹn mọ́ láé.

Ó ní, "Bàbá, ẹ wà níbẹ̀. Èwo ni kò kú?"

Bí mo bá sọ fún un, yóò tún un ṣe, yóò sì gùn ún. Bí n kò bá sọ, yóò gùn ún láìmọ èyí tó yẹ kó tún ṣe. Mo wá ọ̀nà kẹta títí, n kò rí i. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí aṣọ ibùsùn, ó ń lọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fún alùpùpù níná.

"Ti iwájú ni," mo wí.

"Mo rò bẹ́ẹ̀." Ó di ojú padà. "Ẹ má jẹ́ kí Màámi tà á fáwọn tó ń ra irin àlòkù."

Mo ní n kò ní í jẹ́ kí wọ́n tà á.