Kúlà Azeezah

Ẹni tó bá ní Àlàó burú, ó purọ́ mọ́ ọn. Ẹkún ló sú u. Ọdún méjì ti kọjá tí táńkà epo gbiná lójú ọ̀nà iléèwé, tó sì mú Azeezah, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, lọ. Wọ́n fi gbogbo aṣọ ọmọ náà ṣe sàráà, bí a ti ń ṣe. Kúlà oúnjẹ rẹ̀ nìkan ni Kùdírátù, ìyá rẹ̀, ò yọ̀ǹda. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ti yọ́, ṣíbí ṣì wà nínú rẹ̀. Àràárọ̀ ló ń nù ún kó tó lọ ta àgbàdo lọ́jà Ipata. “Bàbá Azeezah” náà ló ṣì ń pe ọkọ rẹ̀. Àwọn ará ilé ní kó jáwọ́, kò gbọ́.

Láàárọ̀ Àlàrùbá, bí Kùdírátù ṣe jáde báyìí, Àlàó gbé kúlà náà, ó lọ jù ú sórí ààtàn. Ó ní òun ń gba ìyàwó òun lọ́wọ́ ẹkún. Ẹ wo ọgbọ́n ọkùnrin!

Bọ́ọ̀sì iléèwé ni Àlàó ń wà. Lọ́jọ́ náà, ó kó àwọn ọmọ lọ sí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣe àfihàn ìrántí àwọn tí bọ́ǹbù átọ́míìkì pa ní Hiroṣímà, nílẹ̀ Jàpáàn. Ooru ló lé e wọlé, fáànù ló ń wá. Àwòrán abọ́ oúnjẹ kan wà níwájú rẹ̀, oúnjẹ inú rẹ̀ ti di èédú. Ó bi Tẹniọlá, olùkọ́ àwọn ọmọ náà, pé kí lèyí.

“Abọ́ ọmọ iléèwé ni, sà. Kò tíì jẹun tí bọ́ǹbù fi bọ́. Abọ́ yìí ni ìyá rẹ̀ fi dá òkú rẹ̀ mọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi tọ́jú ẹ̀.”

“Wọn ò ní kó jù ú nù?”

“Ta ló fẹ́ sọ irú ẹ̀ fún un, sà?”

Subuhánallàhi! Àlàó rántí kúlà orí ààtàn. Ó bẹ Tẹniọlá kó bá òun mójú tó àwọn ọmọ, ó fò lé ọ̀kadà. Èéfín ló kọ́kọ́ rí lókè ààtàn. Wọ́n ti dáná sun ún, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó fọwọ́ lásán tú eérú gbígbóná títí ọwọ́ fi bó. Ṣíbí nìkan ló rí.

Ó lè purọ́, ó sì rò ó lọ́nà, kí n má tàn yín. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé Ipata, tó rí Kùdírátù tó ń wọn àgbàdo fún oníbàárà, irọ́ ò jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

“Bàbá Azeezah, kí ló ṣe yín lọ́wọ́?” Ìgbà yẹn ló tó rí ṣíbí. “Kúlà rẹ̀ dà?”

“Èmi ni mo jù ú nù. Wọ́n ti sun ún. Mo ṣẹ̀ ọ́, wallahi.”

Kùdírátù wọn àgbàdo náà tán, ó fi èènì sí i. Ó gba ṣíbí, ó fi híjáàbù rẹ̀ nù ún, ó so ó mọ́ etí ìró.

“Ẹ lọ fomi tútù sọ́wọ́ yín, Ọ̀gbẹ́ni Àlàó.”

Bó ṣe ń pè é títí dòní nìyẹn.